Ẹ Jẹ́ Ká Yé Bá Ọlọ́run Dáhùn

Lọ́dún 1963, Amẹ́ríkà, ìjọba Sófíẹ̀tì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi tàbí ní gbalasa òfurufú. Amẹ́ríkà kò fọkàn tán Sófíẹ̀tì. Lọ́dún yẹn kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn sátẹ́láìtì tó pè ní Vela lọ sókè láti máa ṣọ́ ìtànṣán gámà, torí bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ kò lè bú kí ìtànṣán yìí má tú jáde.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1967, Vela rí ìtànṣán kan tó yọ, tó rọlẹ̀, tó tún gbéra. Ti bọ́ǹbù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ, á sì máa kú lọ. Ray Klebesadel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń yẹ àkọsílẹ̀ Vela wò ní ibùdó ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, kò mọ̀dí rẹ̀. Wọn kò pariwo pé Sófíẹ̀tì ti dalẹ̀, wọn kò sì da àkọsílẹ̀ náà nù. Wọ́n fi í pamọ́. Nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì tó péye jù ú lọ dókè, wọ́n ṣírò bí ìtànṣán kan náà ṣe ń kan ọ̀kan ṣáájú èkejì, ìyàtọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló fi hàn pé kò ti ilé ayé wá, kò sì ti inú oòrùn wá. Lọ́dún 1973 ni wọ́n tó tẹ ìròyìn 16 irú rẹ̀ jáde.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mò ń darí kíláàsì Bíbélì. Arábìnrin kan nínú kíláàsì wa sin ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí àwọn kan fi bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ẹlòmíràn ní ọ̀tá ilé ni. Àwo oúnjẹ wà níwájú arábìnrin náà, kò fọwọ́ kàn án.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ti Los Alamos kò kánjú dáhùn; àwọn tó yí arábìnrin wa ká kánjú. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá sọ pé "n kò mọ̀" kò nígbàgbọ́. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ìdáhùn wà kì í bá a dáhùn.

Lọ́dún 1997, sátẹ́láìtì BeppoSAX ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ ojú ibi tí irú ìtànṣán tí Vela rí ti wá: ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ti rìn fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún kó tó kàn wá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dúró. Mi ò lè ṣèlérí fún arábìnrin wa pé tirẹ̀ yóò yé e láyé yìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ìfura rán níṣẹ́ bá lè pa ohun tí kò yé wọn mọ́ láìpurọ́ mọ́ ọ̀tá wọn, kò yẹ kí àwa tá a ní ìfẹ́ ló rán wa máa purọ́ mọ́ Ọlọ́run.