Ẹ Dúró De Ẹni Tí Ó Kẹ́yìn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa láti rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìpàgọ́ kò ṣàjèjì sí wa. A mọ ìpàgọ́ IVC ti MSSN, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954. Àwọn mìíràn a tún máa kóra jọ lọ gun òkè, bíi Òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn. "Safar" ni Lárúbáwá ń pe ìrìn-àjò, àwọn onímọ̀ sì sọ pé ó bá ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ṣíṣí nǹkan payá" tan, nítorí pé ìrìn-àjò a máa tú ìwà ènìyàn síta.

Ẹ wo àwa ará Sàngó-Ọ̀tà. Bí ogún ọ̀dọ́ bá jáde, ẹlòmíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ ni, iṣẹ́ òru ni ó ṣe mọ́jú. Arábìnrin kan lè wà tí ara rẹ̀ kò yá, tí ojú ń tì í láti sọ. Bí alágbára bá sáré ṣíwájú, tí ó ń fi aláìlera ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni èrè irú ìjáde bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí ìrìn-àjò kan tí ẹ̀gbà ọrùn ìyá wa Àíṣà (r.a.) já bọ́. Ànábì (s.a.w.) dúró kí wọ́n lè wá a, gbogbo èrò sì dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ráhùn fún Abubakar, òun náà sì bá ọmọ rẹ̀ wí gidigidi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí omi àlùwàlá, Ọlọ́hun sọ āyah táyámámù kalẹ̀. Wọ́n gbé ràkúnmí dìde, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbà náà wà! Inú ìdúró tí wọ́n kà sí ìnira ni ìrọ̀rùn ti jáde fún gbogbo wa títí di òní.

Jábìr (r.a.) náà ròyìn pé Ànábì a máa kẹ́yìn nínú ìrìn, a máa ran aláìlera lọ́wọ́ láti tẹ̀ síwájú, a máa gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí ẹran, a sì máa ṣe àdúà fún un. Ẹ ò rí i pé olórí ni ó wà lẹ́yìn?

Nítorí náà, ẹ yan amíìrì kí ẹ tó gbéra; ènìyàn mẹ́ta péré ni a ti pa á láṣẹ fún. Kí amíìrì fi alágbára kan sí ẹ̀yìn pátápátá. Kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru kọ́kọ́ sùn. Kí arábìnrin kan máa bójú tó àwọn arábìnrin yòókù. Ẹ bá ẹni tí ó rẹ̀ ru ẹrù rẹ̀. Nínú mọ́síhábù Maliki tiwa, ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá tó nǹkan bí 80 kìlómítà yóò sọ ìrun onírákà 4 di 2. Bí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ bá fúyẹ́ ẹrù fún arìnrìn-àjò, ta ni ìwọ tí ó ń dì kún un?

Bí ẹ bá dé orí òkè, tí ẹnìkan ṣì ń mí hẹlẹ nísàlẹ̀, ẹ kò tíì dé. Kí Ọlọ́hun fi ìkẹ́ sí ọkàn wa fún ara wa. Àmín.