Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìdájọ́ ló wà nínú òwe yìí. Bí a bá ń wá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó palẹ̀ ẹ̀gbin mọ́ la ó ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí pọ̀ lọ́jà Tamale ní àríwá Gánà nígbà náà. Àwọn mìíràn ti bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn náà sì ti bímọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ọjà di ohun tí wọ́n ń tà ní iyekíye tí oníbàárà bá dá lé e. Owó àwìn tó wà níta, kò sáyè àtilọ sin ín.

Lọ́dún 2002, Gánà fi òfin dá ìgbìmọ̀ ìlàjà sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ìjọba ṣẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì jókòó ní Tamale. Àsìkò ìjọba tí aráàlú kò dìbò yàn ni òfin náà gbájú mọ́. Ọ̀kan nínú àsìkò wọ̀nyí parí lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba Busia, tí aráàlú dìbò yàn, lé àwọn èèyàn wa. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lè mú ẹjọ́ ọdún mìíràn wá, àmọ́ ta ni yóò gbé arúgbó Ìgbòho padà dé Gánà? Òfin náà tún dárúkọ dúkìá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní Tamale, olówò ló fọwọ́ ara rẹ̀ ta tirẹ̀. Níbí ni òwe fi ju òfin lọ: kò béèrè irú ìjọba tó ṣu, ohun tí ẹnì kan kó ló ń wò.

Ṣùgbọ́n òwe kan náà mú àwa náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà sì wà nínú wọn. A sọ báàgì ní Ghana-Must-Go, a sì ń gbé e lọ sọ́jà títí dòní láìrántí ẹni tó fi di ẹrù. Àwọn kan ní ẹ̀san ni. Ẹ̀san lára ta ni? Olùkọ́ ọmọ Gánà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò kọ́ ló fọwọ́ sí àṣẹ Busia.

Ẹ̀yin tí òbí yín ti Tamale bọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹ bá sì mọ ọmọ Gánà kan tí wọ́n lé ní 1983, ẹ kọ tirẹ̀ náà sínú ìwé kan náà.