Ẹni Tí Iṣẹ́ Pọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀ àti Kẹ̀kẹ́ Gígùn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ bá gba ọjọ́ ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tún wá àyè láti máa gun kẹ̀kẹ́ kí ara rẹ̀ lè le? Bí ó bá sì tọ́, lọ́wọ́ ta ni yóò ti gba àyè náà? Apá kejì ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù, òun náà ni a kì í sábà bi ara wa.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Olùkọ́ tàbí katikíìsì tí ó ń gbé ìlú Ìwó, tí a sì rán lọ sí Kúta tàbí Ilé-Ogbó, bí ó bá ní kẹ̀kẹ́ ológeere, òun ni yóò gùn lọ, òun náà ni yóò sì gùn bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní eré ìdárayá; iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Lónìí, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ni ó ń gbé wa, débi pé bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ wá kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ó rò pé ó ń sọ. Ohun tí àwọn bàbá wa rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà ni àwa ní láti máa wá kiri.

Èmi pàápàá kò mọ̀ pé mo ti pàdánù ohunkóhun, àfi ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan yẹ̀ mí wò, tí ó sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n sì máa lo ara. Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, mo sì pinnu pé agogo mẹ́rin ìdájí ni n ó máa jí, kí n gùn ún sí ìhà odò Ọba, kí n sì padà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé nídìí tábìlì mi. Ní ọjọ́ kan, mo fi òdo sí ìṣirò ọmọdékùnrin kan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti ṣe é láìsí àṣìṣe. Ó mú ìwé náà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ni mo ń rí.” Ojú tì mí.

Mo bá gbé kẹ̀kẹ́ gígùn náà sí ìrọ̀lẹ́. Èyí náà dùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin, tí ó máa ń mú ìwé kíkà rẹ̀ wá bá mi lójoojúmọ́, kò mú un wá mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Bàbá, kẹ̀kẹ́ ni ẹ máa ń gbé jáde nígbà yẹn. N kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ó bá tilẹ̀ bínú ni, ìbá sàn fún mi.

Mo wá jókòó, mo ro ọ̀ràn náà jinlẹ̀. Mo rí i pé gbogbo àwọn tí mo gba àkókò lọ́wọ́ wọn, àwọn tí kò lè bá mi jà ni. Oorun kò lè bá mi jà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè bá mi jà. Ọmọ mi kò sì fẹ́ bá mi jà. N kò jẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́, nítorí pé ọ̀gá mi yóò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni n kò dín ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi ń wo fóònù lórí ibùsùn kù, nítorí pé èmi fúnra mi ni ìbá dùn. Nítorí náà, bí ènìyàn bá wí pé òun ti rí àyè, ó yẹ kí a bi í pé, nínú àpò ta ni ó ti rí i?

Ẹlòmíràn yóò wí pé bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí olùkọ́ kúkú fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ara ni àdá tí a fi ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ tí kì í pọ́n àdá rẹ̀ ń fi agbára ṣòfò. Èyí tí ó sì ń pọ́n ọn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kò ní rí oko ro. Ẹni tí ó kọ̀ láti tọ́jú ara rẹ̀ pẹ̀lú ń gba àkókò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ní ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò lọ sí i. Gbèsè ni ìtọ́jú ara; bí a ó ti san án láì jí owó ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Gbèsè náà kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí a ti rò. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà níyànjú pé kí wọ́n máa lo ara níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ní ọdún 2010, àjọ náà ti ní kí ó máa tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán; ní ọdún 2020, wọ́n mú èyí kúrò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n kékeré pẹ̀lú fi wà nínú iye. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jìnnà sí ilé ní kìlómítà 3, tí a sì ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀n kìlómítà 12 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 ni àlọ, ìṣẹ́jú 15 ni àbọ̀. Ní ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 150 ti pé. Ìrìn tí a kò lè ṣàìrìn tẹ́lẹ̀ ni ó san gbèsè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí dókítà sì gbà á láyè, kí ó tẹ kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan, kí ó rọra tẹ̀ ẹ́ fún méjì, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà: ìṣẹ́jú 18 péré ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn kan ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Beryl Burton, abilékọ kan ní ẹkùn Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ nínú oko, ó sì ń tọ́ ọmọ. Síbẹ̀, ní ọdún 1967, ó gun kẹ̀kẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 446 ní wákàtí 12, èyí tí ó ju ohun tí ọkùnrin kankan tíì gùn rí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà lọ. Ní ọdún 2021, Anna Kiesenhofer, ará Ọ́síríà, onímọ̀ ìṣirò tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní yunifásítì kan ní Switzerland, gba wúrà nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àwọn obìnrin ní Olympics ti Tokyo. Kìlómítà 137 ni wọ́n gùn. Kò sí ẹgbẹ́ eléré kankan tí ó ń san owó oṣù fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń to ìdánrawò rẹ̀. A kò ní láti dà bí àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé kì í ṣe aláìníṣẹ́ nìkan ni ó ń ní àyè. Ẹni tí ó bá mọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàṣán fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ obìnrin kan lè wà tí ó ń jí dáná, tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń pọnmi kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ìṣẹ́jú kan tí ó fi ń ṣòfò. Bí ọkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìdájí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó ń pọnmi. Bákan náà, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gba ojú títì Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sáré, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí wéwu nítorí àtilera. Èmi tí mo ń jáde nínú òkùnkùn láìní iná lórí kẹ̀kẹ́, ìwà òmùgọ̀ ni mo hù.

Ní tèmi, n kò lé eku méjì mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ̀wù mìíràn wà nínú àpò mi, garawa omi kan sì ń dúró dè mí níbẹ̀. Fóònù kì í bá mi dé orí ibùsùn mọ́, mo sì ń tètè sùn. Ní Sátidé, mo máa ń gùn ún jìnnà díẹ̀, lẹ́yìn tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ bá ti fohùn ṣọ̀kan. Bí mo bá dé, èmi ni n ó máa ṣọ́ àwọn ọmọ, kí òun náà lè ráyè gbọ́ ti ara rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti padà di ti ìwé kíkà. Mo sì ti bá ọmọdékùnrin yẹn tún iye rẹ̀ kọ, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo ṣì í.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gùn ún, ẹ wo ojú àwọn tí kò lè bá yín jà.