Ààwẹ̀ àti Oúnjẹ Jẹjẹrẹ

Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń jẹ ṣúgà ju sẹ́ẹ̀lì tó lálàáfíà lọ. Otto Warburg, onímọ̀ ará Jámánì, rí èyí ní àwọn ọdún 1920. Níbẹ̀ ni ìbéèrè ti dìde fún onígbàgbọ́, yálà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń jọ́sìn ni, tàbí mọ́sálásí: ṣé ààwẹ̀ lè febi pa àrùn náà?

Ààwẹ̀ nìkan kò lè ṣe é. Bí ènìyàn kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ yóò máa ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, aláìsàn ni yóò sì máa rù. Àmọ́ oògùn lè dá oúnjẹ mìíràn tí jẹjẹrẹ nílò dúró: asparaginase ń mú èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀sìn pàápàá kò di ẹrù ààwẹ̀ lé aláìsàn lórí, ohun ìtùnú ńlá sì ni. Súrà kejì nínú Kùránì gbà á láyè láti sún ààwẹ̀ síwájú. Ìjọ Kátólíìkì náà yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀. Ní ti ìṣègùn, àwọn olùwádìí ń dán oúnjẹ dídínkù wò pẹ̀lú oògùn, ṣùgbọ́n lábẹ́ àmójútó dókítà ni.