Owó Ilé-Ìwé Nìkan Kò Tó: Ìyànjú fún Ẹ̀yin Òbí

  

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí a jọ ń gbé ìlú Benin yìí,

Ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mò ń bá wí. Ilé kéwú ni mo lọ. Mo lè ka Àlùkùránì, mo sì lè túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò yé mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ wálé, mo bi í pé kí ni olùkọ́ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní olùkọ́ yin òun. Inú mi dùn, mo fún un lówó. Lọ́jọ́ kejì ni oníbàárà mi kan bá mi ka ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí olùkọ́ kọ ni pé ọjọ́ 19 ni ọmọ náà kò fi wá sí ilé-ìwé ní sáà kan ṣoṣo.

Mo fa pàṣán yọ. Ọmọ náà ní: "Bàbá, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí ọjà bá dé láti Onitsha, ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n dúró ti ṣọ́ọ̀bù." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ náà lórí ìka. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ tèmi. Mo bá a wí nítorí irọ́ tó pa, ṣùgbọ́n n kò lè nà án. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún san owó ilé-ìwé ni mò ń fi ọwọ́ òsì fa ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ Suratu Luqman wò. Luqman jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀: nípa ìjọ́sìn fún Ọlọ́hun kan ṣoṣo, nípa ìrun kíkí, nípa sùúrù, títí dé orí bí yóò ṣe máa rìn àti bí yóò ṣe máa rẹ ohùn sílẹ̀. Ọgbọ́n ni Ọlọ́hun sọ pé Òun fún Luqman. Kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè ṣe ohun tí Luqman ṣe, olówó tó sì ń sanwó láìbá ọmọ jókòó kò tíì ṣe é.

Àwọn kan nínú wa ṣì ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé lè gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Láyé àtijọ́, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, ọmọ Mùsùlùmí mìíràn sì ti ibẹ̀ gba orúkọ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó ní òye kò tìtorí èyí ti ọmọ mọ́lé. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì kọ́ ilé-ìwé tí ọmọ ti ń rí ìwé àti ẹ̀sìn papọ̀. Ṣáájú wọn pàápàá, lẹ́yìn ogun Badr, ìtàn sọ fún wa pé àwọn òǹdè tó mọ̀wé tí wọn kò lówó ìràpadà, Ànábì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní ìwé kíkọ ní Madina, kí ó sì máa lọ sílé rẹ̀. Abọ̀rìṣà ni àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn. Bí bàbá àti ìyá bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn nílé, ìmọ̀ tó rí níta kò ní ba tilé jẹ́.

Kí wá ni òbí tí kò mọ̀wé lè ṣe?

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Bí ọjà bá dé, ẹ háyà alábàárù.

Èkejì, ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sí, ẹ mú ẹni tí yóò gbọ́ ọ dání, kó má jẹ́ ọmọ náà.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìrun Íṣáì, ẹ ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ohun tó yé e, yóò lè sọ ọ́. Ibi tó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kí ẹ wá olùrànlọ́wọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin àfáà ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi àkókò kéwú sí ibi tí kò ní gba oorun àti iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ọmọ.

Ìlú tí a wà yìí tún ní ìdánwò tirẹ̀. Ọmọ ń rí ilé alájà, wọ́n ń sọ fún un pé owó Ítálì ló kọ́ ọ, ó ń rò pé ìwé kò wúlò mọ́. Wọn kì í sọ fún un nípa àwọn tó kú sí aṣálẹ̀ àti òkun, tàbí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba ìlú yìí, Ọba Ewuare Kejì, gbé àwọn tó ń kó ọmọ tà ṣẹ́pè. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ráyè bá sọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyẹn ráyè fún un.

Ànábì kọ́ wa pé olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá nípa àwọn tí a ń ṣọ́. Ní ọjọ́ náà, rìsíìtì owó ilé-ìwé nìkan kọ́ ni a ó gbé kalẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tó ní àǹfààní, kí Ó fún àwa náà ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n. Kí Ó má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ba tiwọn jẹ́. Àámín.