Oúnjẹ ẹgbẹ́ àti ilẹ̀kùn títì

Ní Bobè, ẹni tí ó bá bá wa nídìí oúnjẹ yóò gbọ́ “Ẹ wá jẹun”. Síbẹ̀, àwa náà ní ẹgbẹ́ tí ń jẹ, tí ń mu láàrin ara wọn, a kò sì ka èyí sí ìkà. Nígbà wo ni ilẹ̀kùn títì wá di ìrẹ́nijẹ?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ivy Club, ẹgbẹ́ ìjẹun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní 1879 lẹ́bàá Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì náà gba obìnrin wọlé ní 1969, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ yìí ṣì wà ní títì mọ́ wọn. Ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Sally Frank, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹjọ́. Ẹgbẹ́ ní àdáni ni àwọn. Ní 1990, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní New Jersey dá obìnrin náà láre.

Òótọ́ ni pé a kì í fi ipá yan ọ̀rẹ́ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ tí a bá ní nílé ẹ̀kọ́ a máa ṣí ọ̀nà iṣẹ́ àti ipò. Níbi tí a bá ti ń pín irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nídìí àwo, ẹni tí a tì síta kò pàdánù òkèlè nìkan.

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni ẹgbẹ́ wa ń pín, kí a jẹ ẹ́ ní àlàáfíà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa ni, kí a ṣílẹ̀kùn.