Ojú Wo Ni Ká Fún Ìkà?

Bí ènìyàn bá ń kọ àlọ́ fún àwọn ọmọdé, tó sì kọ ọ́ pé, "Obìnrin búburú kan wà ní ìlú kan," iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí níbẹ̀. Kò sọ bóyá obìnrin náà ga tàbí ó kúrú, kò sọ bóyá ó pupa tàbí ó dú, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gbé ìwé náà fún pé kó ya àwòrán sí i kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbé pẹ́ńsùlù báyìí, dandan ni kó fún obìnrin yìí ní ojú àti imú, kó wọ aṣọ fún un, kó sì jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọmọge ni tàbí arúgbó. Òǹkọ̀wé lè dákẹ́. Ayàwòrán ò ríbi dákẹ́ sí. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé, nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe ìwé ọmọdé, ọrùn ayàwòrán ni ẹrù tó wúwo jù wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà tó kéré jù kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ni oògùn rẹ̀, Ajíbógun sì ni ọmọ tó lọ bu omi náà wá. Ibẹ̀ ni orúkọ Ọwá Obòkun tí à ń pe ọba Iléṣà ti wá. Wọ́n ní kó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún bàbá wọn tán, idà ni bàbá wá fi ta á lọ́rẹ. Bí a bá fi ẹnu lásán sọ ìtàn yìí fún ọmọdé, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fún ayàwòrán, kẹ́ ẹ wá wò ó. Irú ojú wo ni yóò fún àwọn ẹ̀gbọ́n tó pín ogún? Bó bá ya wọ́n bí olójúkòkòrò tó ń yínmú, inú ọmọ Iléṣà lè dùn. Àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn náà ni baba ńlá àwọn ọba mìíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tó wà ní ìlú tiwọn yóò ṣí ìwé kan náà, yóò sì rí baba ńlá tirẹ̀ bí olè. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ò bú ẹnikẹ́ni. Àwòrán ló bú u.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Ẹ̀yin náà ti ń le jù. Ṣebí àlọ́ ni? Ṣé láyé àwọn bàbá wa, wọn kì í fi àjẹ́ àti iwin dẹ́rù ba ọmọdé ni?" Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àlọ́ abẹ́ òṣùpá kò ní ojú kan pàtó. Bí ọmọ mẹ́wàá bá jókòó ti ìyá àgbà, àjẹ́ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rí lọ́kàn. Ẹ tún wò ó síwájú sí i: ta ló ń pa àlọ́ náà? Ìyá arúgbó fúnra rẹ̀ ni. Bẹ́rù bá ba ọmọ, ara rẹ̀ náà ni yóò sá mọ́. Kò sí bí ọmọ yẹn ṣe lè rò pé ẹni tó di òun mú ni àjẹ́ inú àlọ́. Lóde òní, ìwé ló ń pa àlọ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, ìyá arúgbó ò sì sí nídìí àlọ́ mọ́. Inú àwòrán ló wà.

Mo ti ṣí ìwé àlọ́ wò lórí àtẹ ní Òṣogbo, mo ti ṣí i wò ní Iléṣà. Àìmọye ìgbà ni mo ti rí àjẹ́ níbẹ̀ tó jẹ́ arúgbó: ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, eyín ti yọ, irun ti funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́. Ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́fà kan lọ bá ìyá àgbà tó ń gbé nínú agboolé wọn.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀yin náà máa ń fò lóru?"

"Èmi tí n ò lè gun àkàsọ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó wà nínú ìwé mi."

Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ ohùn ọmọ yìí lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ló máa ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń parí sí ẹ̀rín. A ti gbọ́ nípa àwọn arúgbó tí wọ́n pè ní àjẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n lé kúrò nílé, tí wọ́n lù, kò sì sí ẹ̀rí kankan lára wọn ju ọjọ́ ogbó lọ. N ò sọ pé àwòrán ló lù wọ́n o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kékeré la ti ń pẹ̀ẹ̀kàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àwa tá a sì ń gbàdúrà nídìí ìkómọ pé kí ọmọ dàgbà, kó darúgbó, kí ló dé tá a tún ń fi àmì ìkà sára ohun tá a tọrọ fún un?

Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Ọmọ tá a ti kọ́ pé ojú ìkà kì í dára, báwo ni yóò ṣe mọ ìkà tí ojú rẹ̀ dára? Gbọ́mọgbọ́mọ tó bá wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, kó mú súìtì dání, kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ yóò wo ojú rẹ̀, kò ní rí ohun tí ìwé fi hàn án, yóò sì tẹ̀ lé e.

Ṣé ká má ya ohun ẹ̀rù mọ́ ni? Rárá o. Òṣogbo gan-an ti kọ́ wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bíi Múráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti Twins Seven-Seven kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, wọ́n sì di ẹni tí ayé mọ̀. Twins Seven-Seven ya iwin, ó ya ẹranko abàmì, ó sì fi ọnà wẹ́wẹ́ kún wọn lára. Bruce Onobrakpeya náà ló ya àwòrán sí ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àgbákò tó wà nínú ìwé yẹn ń bani lẹ́rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ́mọ tí yóò pàdé Àgbákò ní Ọjà Ọba, tí yóò wá sọ òkò lù ú. Ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín wa. Ẹ̀rù ba ọmọ, ó gbádùn ẹ̀rù náà, kò sì sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́.

Bí ojú burúkú kì í ti í ṣe ẹ̀rí ìkà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹwà kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rere. Jacob Lawrence, ayàwòrán adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wá sí Nàìjíríà ní 1962 àti 1964, ya ìwé ọmọdé kan jáde ní 1968 nípa Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1849 tó sì tún padà lọ kó àwọn mìíràn jáde. Wọ́n ráhùn sí i pé Harriet tó yà burẹ́wà jù. Lawrence ò gbà fún wọn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó la irú ìyà bẹ́ẹ̀ kọjá kò lè ní ojú rírọ̀. Ó fi ojú tó le fún ẹni rere, ọmọ tó bá ka ìwé náà yóò sì mọ̀ pé ẹni rere ni, nítorí ohun tó ń ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Kí ayàwòrán tó fún ìkà ní ojú, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ẹni tó jọ èyí, ṣé ó wà nínú agboolé ọmọ tó fẹ́ ka ìwé yìí? Bó bá wà, kó fi ojú sílẹ̀, kó lọ ya ọwọ́. Kó ya ọwọ́ tó ń bu májèlé sọ́bẹ̀, ọwọ́ tó ń yọ owó nínú àpò ẹlòmíràn, ọwọ́ tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà yóò gba àkókò jù, àti pé owó tí wọ́n ń san fún ayàwòrán kì í tó nǹkan. Àwa òbí náà ní ìpín tiwa. Bá a bá ka ìwé tán pẹ̀lú ọmọ, ká bi í pé, "Kí lo fi mọ̀ pé ẹni burúkú lèyí?" Bó bá ní, "Ojú rẹ̀ burú," ká jọ ṣí ìwé náà padà, ká wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.